Bí a ṣe ń yan ẹ̀yà iná orí tó fúyẹ́ fún ìṣọdẹ òru ní agbègbè Ẹ̀pẹ́

Ọdẹ tó bá ń wọ igbó lóru ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, yálà ní ọ̀nà Ẹ̀rẹ̀dó tàbí ní ìhà Agbówà, mọ̀ pé kì í ṣe ìbọn èjìká ló ń kọ́kọ́ sú ni, iná orí ni. Ìbọn ṣeé gbé ti igi, a sì lè ti èjìká kan gbé e bọ́ sí èkejì, ṣùgbọ́n iná orí kò ní ibi mìíràn tí a lè gbé e sí láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Ọ̀pọ̀ iná tí wọ́n ń tà lọ́jà ni kò sì yẹ ọdẹ rárá: wọ́n tóbi, wọ́n wúwo, àpótí bátìrì wọn ń lu ìdí ẹni, wáyà tó so àpótí náà mọ́ orí sì ń há mọ́ ẹ̀gún níbikíbi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀yà iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò rẹ̀ tò wọ́n pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju 150 gíráàmù lọ lórí. Ẹni tó ń ṣa ìgbín nígbà òjò àti ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò náà lè lò ó, bí wọ́n bá ti yí ohun díẹ̀ padà nínú rẹ̀, n ó sì sọ èyí tó yẹ kí wọ́n yí padà bí a bá dé ibẹ̀.

Fìtílà kábáàdì ni àwọn bàbá wa lò. Omi á máa kán díẹ̀díẹ̀ sórí kábáàdì, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ á sì máa jó níwájú abọ́ kékeré kan tó ń dán. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ lójú, kò sì burú rárá, àmọ́ iná gidi ni ẹni náà gbé sórí wọ inú koríko ọyẹ́. Iná LED ti mú ewu yẹn kúrò. Ìwúwo ni kò bá a lọ, nítorí pé gílóòbù ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ rà, wọ́n á wá bátìrì tó lè gbé e, ìgbà yẹn ni ẹrù á wá dórí. Èrò tèmi ni pé bátìrì ni kí a kọ́kọ́ yàn, kí a jẹ́ kí ohun tí bátìrì kan ṣoṣo lè gbé fún òru kan pinnu gbogbo ohun tó kù.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ lórí iná, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó ìjọba ní agbègbè rẹ̀ ohun tí òfin wí nípa fífi iná ṣọdẹ lóru, nípa ibi tó jẹ́ igbó ọba, àti nípa ẹran tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 1985 tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko tó fẹ́ run kò fàyè gba pípa akika, bó ti wù kí owó tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ pọ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí iná náà fẹ́ ṣe

Ilẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń ṣa ìgbín ń wò, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ tí kò sì le lójú ló yẹ ẹ́. Ọdẹ tó ń wá ẹtu ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ṣùjọ, tó lè dé ibi tí ojú ẹran á ti dá a padà. Ẹ̀yìn ẹyinjú ẹtu àti ẹtà ní awọ kan tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ti wá gan-an, ìdí sì nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ wà lórí, nítòsí ojú ọdẹ. Ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú ní ìbàdí lè tan ìmọ́lẹ̀ sójú ẹran kó má rí i, nítorí ìbàdí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń padà sí.

Ewúrẹ́, màlúù àti ajá náà ní irú awọ yìí, ojú èèyàn kò sì ní in. Ohun méjì ló tinú èyí jáde. Ojú tó tàn nínú igbó lè jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn, ibi tí kò sì sí ojú kankan tó tàn lè jẹ́ ibi tí èèyàn dúró sí. Nítorí náà, iná tó kàn lè mú kí ojú ẹran tàn kò tíì tó fún ọdẹ. Ó gbọ́dọ̀ lágbára débi pé á fi gbogbo ara ẹran náà hàn, tẹsẹ̀ tẹ̀yìn, àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọwọ́ tó kan ìbọn rárá.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó? Ìbọn tó ń yin ọta wẹ́wẹ́ kò ṣeé gbára lé kọjá nǹkan bí 40 mítà, igbó wa sì dí débi pé a kì í sábà rí ọ̀nà tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ẹni tó bá wá ń fi iná tó dé 500 mítà yangàn ń gbé ẹrù tí kò ní fi ṣe nǹkan kan. Ẹ tún mọ ohun tí nọ́ńbà ara páálí ń sọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé iná kan dé 200 mítà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti kù sí 0.25 lux (lux ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń balẹ̀ sára nǹkan) ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú. Èèyàn lè rí òjìji níbẹ̀, kò lè fi dá ẹtu mọ̀ yàtọ̀ sí ewúrẹ́.

Candela ni ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ máa béèrè, nítorí òun ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣùjọ tó. Lumen ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó jáde lápapọ̀, ibi yòówù kó fọ́n ká sí. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ sọ mítà náà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ sì fi pín candela. Ní 40 mítà, ìlọ́po náà jẹ́ 1,600. Iná tó ní 2,500 candela á fún yín ní nǹkan bí lux kan ààbọ̀ níbẹ̀, èyí tó ní 10,000 candela á sì fún yín ní lux mẹ́fà àti díẹ̀. Láàárín 8,000 sí 10,000 ni mo fara mọ́ fún ọdẹ. Ní orí páálí, ìyẹn jẹ́ iná tó dé nǹkan bí 180 sí 200 mítà, èyí tí bátìrì kékeré kan lè gbé láìlàágùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: bátìrì

Ibí yìí ni ìwúwo pọ̀ sí jù. Bátìrì aláàsíìdì tó wà nínú ọ̀pọ̀ iná àgbékọ́ ìdí jẹ́ 6 V, 4.5 Ah (V ń sọ bí bátìrì ṣe ń ti iná tó, Ah ń sọ iye iná tó lè kó, 1,000 mAh sì ni Ah kan), ìwúwo rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 700 sí 800 gíráàmù. Lórí ìwé, agbára inú rẹ̀ jẹ́ 27 wáàtì-wákàtí, ṣùgbọ́n bátìrì aláàsíìdì tí a bá ń fà kọjá ìdajì kì í pẹ́ kú, nítorí náà nǹkan bí 13 ni a lè kà sí tiwa. Ẹ wá wo bátìrì lítíọ́mù kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní 18650, tó jẹ́ 18 mílímítà ní ìbú àti 65 mílímítà ní gígùn. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó 3,500 mAh ní agbára tó tó 12.6 wáàtì-wákàtí, gíráàmù 48 péré ló sì wọ̀n. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ ṣe, ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá ó kéré tán. Gbogbo ohun tí a bá tún dín kù lára ilé iná tàbí okùn rẹ̀ kò lè sún mọ́ èyí.

Ọ̀rọ̀ ojúlówó yẹn ni kí ẹ mú ní pàtàkì. Àwọn bátìrì 18650 tó dára tó sì wọ́pọ̀ kì í ju nǹkan bí 3,500 mAh lọ, síbẹ̀ ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára ní gbangba, tó tún rọjú ju èyí tí wọ́n kọ òótọ́ sí lọ. Irọ́ ni. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni pé kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ojúlówó á wọn 45 sí 48 gíráàmù. Èyí tó bá wọn 30 tàbí tó kéré sí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Nínú irú rẹ̀, bátìrì kékeré kan ni wọ́n máa ń fi sáàárín, wọ́n á fi ìyẹ̀fun funfun kún àyíká rẹ̀, wọ́n á wá fi agolo àti ìwé aláwọ̀ mèremère bò ó. Ẹ má ṣe tú bátìrì lítíọ́mù láti fi wádìí o. Ìwọ̀n ti tó.

Àwọn oníṣẹ́ iná ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ máa ń yọ bátìrì yìí lára àwọn bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti kú, nítorí pé nínú mẹ́fà tó sábà máa ń wà nínú ọ̀kan, ó lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì péré ló bàjẹ́. N kò rí àìdára níbẹ̀, bí wọ́n bá dán an wò dáadáa. Kí wọ́n fi mítà tó ń wọn iná wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fi ṣájà kàn án: èyí tó bá ti wà nísàlẹ̀ 2.5 V, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó bá gba agbára dé 4.2 V, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìlò ó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n; bí ó bá ti já wá sísàlẹ̀ 4.0 V, agbára ń jò nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń gbé lọ sígbó. Èyí tí awọ ara rẹ̀ ti ya náà kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ara agolo náà ni ẹ̀gbẹ́ òdì, àyàfi orí rẹ̀ nìkan. Ibi tó bá ti kan irin, iná ti ṣẹ́ nìyẹn.

Bátìrì mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní 21700, tó jẹ́ 5,000 mAh tó sì wọn nǹkan bí 70 gíráàmù. Ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ lè yàn án. Fún ọdẹ tó ń padà sílé láàjìn, 18650 tó.

Ẹ̀yà 18650 tí wọ́n fi pánẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò kékeré (pátákó iná bíi ti inú rédíò, kì í ṣe ti sólà) sí nídìí dára ju èyí tí kò ní in lọ fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná, nítorí á pa ara rẹ̀ bí agbára bá lọ sílẹ̀ jù tàbí bí wáyà bá kan ara wọn. Gígùn rẹ̀ máa ń dé 68 sí 70 mílímítà, nítorí náà ẹ gbé e lọ́wọ́ lọ ra ilé bátìrì, kí ẹ sì tì í wọlé lójú ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra ilé bátìrì tó rẹwà tí bátìrì kò sì wọ̀.

Ẹ má ṣe jó wáyà mọ́ ara bátìrì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Ooru àyọ́nù ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Ilé bátìrì tó ní sípíríìngì ni kí ẹ lò, èyí tún fún yín láyè láti gbé bátìrì kejì sínú àpò kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nínú igbó. Èyí tó wà nínú àpò gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó ní ìdérí, kì í ṣe láàárín kọ́kọ́rọ́ àti ọta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹyọ LED àti abọ́ rẹ̀

Ẹ ra méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọ̀kan kò nítumọ̀ láìsí èkejì. Ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ ṣùjọ ni pé kí ojú LED kéré, kí abọ́ tó yí i ká fẹ̀, kó sì jinlẹ̀. LED tó ní ojú ńlá bíi XM-L2 ń tú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ jáde, ṣùgbọ́n nínú abọ́ kékeré, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fọ́n ká. LED tó kéré bíi SST-20 tàbí XP-G2 kò ní tú ìmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, àmọ́ nínú abọ́ kan náà á rìn jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fún ọdẹ, kékeré ni. Fún ẹni tó ń ṣa ìgbín, ńlá ni, kí abọ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn, nítorí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ lọ láìsí àmì roboto láàárín.

Abọ́ tó bá jẹ́ nǹkan bí 30 sí 35 mílímítà ní ìbú, tí inú rẹ̀ sì dán gbinrin, tó fún iṣẹ́ tí a sọ. Èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á mú ìmọ́lẹ̀ jìnnà sí i, á sì máa há mọ́ ẹ̀ka. Ike ni ẹ mú bí ẹ bá rí èyí tí ó dára, torí ó fúyẹ́ ju irin lọ. Kìkì pé kí a má ṣe fi ọwọ́ tàbí aṣọ nu inú rẹ̀. Bí eruku bá wọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ ẹ jáde.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà kò ṣeé fojú fò. Èyí tó funfun bíi búlúù, tí wọ́n ń kọ 6,500 K sí lára, ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà nítorí pé ó máa ń dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Nínú kùrukùru tó ń ti orí ọ̀sà wá lówùúrọ̀ ọyẹ́, ńṣe ni yóò fi funfun bo ojú ẹni. Nínú igbó, gbogbo ewé, èèpo igi àti irun ẹran á sì rí bákan náà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè 4,000 K, tí ìwọ̀n àwọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRI tó 90. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kéré díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, àwọ̀ pupa ilẹ̀ ara ẹtu á sì yàtọ̀ kedere sí ewé gbígbẹ. Bí ó bá di dandan kí n pàdánù ọ̀kan nínú méjèèjì, lumen ni n ó jẹ́ kó lọ.

Ẹ fi LED pupa kékeré kan kún un. Ó máa ń gba ojú èèyàn ní 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó mọ́ òkùnkùn lára tán, ìmọ́lẹ̀ funfun ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́; pupa tí kò le kì í bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òun ni kí ẹ máa tàn bí ẹ bá fẹ́ wo ẹsẹ̀ yín, kí ẹ tú okùn, tàbí kí ẹ jẹun. LED pupa ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń ṣe iná rédíò àti rísísítọ̀ 100 ohm ti tó. Nǹkan bí 20 mA ni yóò máa jẹ, èyí tí bátìrì yín kò ní mọ̀ lára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pánẹ́ẹ̀lì tó ń darí iná

Bátìrì kò gbọdọ̀ wọ LED tààrà. Nígbà tó bá kún, á ti iná púpọ̀ sí i, LED á gbóná. Nígbà tó bá ti lọ sílẹ̀, iná á ti pọ́n kí òru tó dé àárín. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré ló ń mú un dọ́gba. Irú tó rọrùn jù fún bátìrì kan ṣoṣo ni èyí tó ní ẹ̀yà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní AMC7135, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ kí 350 mA kọjá. Mẹ́rin lára rẹ̀ á fún yín ní 1,400 mA.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú irú pánẹ́ẹ̀lì yìí ni pé ẹnikẹ́ni lè fi orí ṣírò iye wákàtí tó máa lò, nítorí iye tó wọ LED náà ni iye tó ń jáde lára bátìrì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún òru kan. Ọdẹ fi iná kékeré, 350 mA, rìn fún wákàtí márùn-ún: ìyẹn jẹ́ 1,750 mAh. Ó tan iná ńlá, 1,400 mA, fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lápapọ̀ láàárín òru: ìyẹn kò ju nǹkan bí 930 lọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó 2,700 mAh, bátìrì 3,500 sì ṣì ní èyí tí yóò fi mú un délé. Ẹni tó bá tan iná ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin kò ní lò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ pẹ̀lú bátìrì 3,500 yìí, àfi tó bá tún gbé òmíràn kún un, a sì ti padà sí ọ̀rọ̀ ẹrù nìyẹn.

Ẹ béèrè pánẹ́ẹ̀lì tó ní ipò méjì tàbí mẹ́ta péré, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré. Àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń ní èyí tó ń ṣẹ́jú ṣẹ́jú, tí ọdẹ á sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọjá rẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ, ẹran á sì ti lọ. Kí ó tún jẹ́ èyí tó ń pa ara rẹ̀ tàbí tó ń fi àmì hàn bí bátìrì bá ti ń sún mọ́ 3 V.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé iná, omi àti okùn

Ju ìdajì agbára tó wọ LED lọ ló ń di ooru. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ń wá ohun tó fúyẹ́, kì í ṣe gbogbo ilé iná náà ni a lè fi ike ṣe. Iwájú tí LED jókòó lé gbọ́dọ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, kí ẹ fi òróró ìgbooru funfun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò sáàárín LED àti irin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí bátìrì wà lè jẹ́ ike. Pẹ̀lú 1,400 mA tí a kì í tàn pẹ́, irin iwájú tó wọn 35 sí 40 gíráàmù tó.

Bátìrì ńkọ́, níbo ni kí ó wà? Ẹ̀yìn orí. Bí LED àti bátìrì bá jọ wà níwájú, gbogbo ìwúwo á máa fa iná náà wá sójú nígbà tí a bá ń sáré tàbí tí a bá bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà níwájú tí èkejì wà lẹ́yìn, wọ́n á dọ́gba, okùn kò sì ní nílò kí a fà á le títí orí á fi máa fọ́ni. Wáyà tó so wọ́n pọ̀ kí ó gba ara okùn tó kọjá lórí, kí télọ̀ rán an sínú rẹ̀. Ẹ lo wáyà tí awọ rẹ̀ rọ̀, nítorí wáyà líle máa ń ṣẹ́ níbi tó ti ń tẹ̀.

Okùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: rọ́bà ìgbátí tó fẹ̀ tó 25 mílímítà, ọ̀kan tó yí orí ká àti ọ̀kan tó gba àárín orí, tí a lè yọ láti fọ̀. Òógùn ló ń ba okùn jẹ́ ju òjò lọ.

Ní ti omi, ẹ wá ilé iná tí wọ́n kọ IPX4 sí lára fún òjò lásán. Ẹni tó ń la àbàtà tàbí tó ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ kí ó wá IPX7, èyí tó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú. Rọ́bà roboto tó wà ní ẹnu ìdérí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ fi gíríìsì sílíkọ́nù díẹ̀ pa á, ẹ má ṣe fi báàsìlínì, nítorí ó máa ń mú kí rọ́bà mìíràn wú. Ihò ṣájà tó wà lára iná jẹ́ ẹnu ọ̀nà omi, mo sì fara mọ́ kí a yọ bátìrì jáde fi ṣájà rẹ̀ níta.

Ṣájà tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti lítíọ́mù, tó ń dúró ní 4.2 V. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré TP4056 tó ń gba iná USB, tó sì ń ti 1 A sínú bátìrì, kò wọ́n, ó sì ṣeé so mọ́ sólà kékeré tó ń mú 5 V jáde. Á gba bátìrì 3,500 mAh ní wákàtí mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kún. Ẹ ṣe é lójú, lórí páálí tàbí tábìlì onígi kọ́, lórí táìlì tàbí sìmẹ́ǹtì ni, kì í sì í ṣe nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò kí ẹ tó wọ igbó

Ẹ kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n, tòun ti bátìrì. Bí nǹkan bá lọ bó ti yẹ, irin iwájú, abọ́ àti LED á jẹ́ nǹkan bí 50 gíráàmù, bátìrì 48, ilé bátìrì àti wáyà 20, okùn 25. Àpapọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 150. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin ni ẹ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná ńlá kí ẹ sì di iwájú rẹ̀ mú. Ó yẹ kí irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá tutù síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má yọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ooru kò tinú LED dé ara irin, LED náà ń jóná sínú ara rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ tún òróró ìgbooru náà fi. Bí ó bá sì gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á, iná náà pọ̀ ju irin lọ, ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn AMC7135 kúrò.

Láti mọ candela rẹ̀ láìra ẹ̀rọ olówó ńlá, ẹ gbé fóònù tó ní ètò ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sí iwájú iná náà nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí 5 mítà wà láàárín wọn, kí àárín ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ojú ìmọ̀lára fóònù náà. Ẹ sọ iye lux tó bá jáde di ìlọ́po 25. Fóònù kì í péye tán, ṣùgbọ́n bí ó bá mú 350 jáde, ẹ mọ̀ pé ẹ ti wà ní àyíká 8,750; bí ó bá mú 60 jáde, abọ́ kò bá LED mu, tàbí LED kò jókòó sí àárín gangan. Yíyẹ̀ tó kéré tó mílímítà kan nínú abọ́ lè sọ ìmọ́lẹ̀ tó ṣùjọ di òrùka tó ní ihò dúdú láàárín.

Bí ilé iná yín bá jẹ́ IPX7, ẹ rì í sínú korobá omi láìfi bátìrì sí i; bí ó bá jẹ́ IPX4, ẹ kàn wọ́n omi sí i lára. Kí ẹ kọ́kọ́ fi bébà ìnuwọ́ sí àyè bátìrì. Bébà tó bá jáde ní tútù, iná kò tíì ṣetán. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ dé e, kí ẹ rìn yí ọgbà ká, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gba abẹ́ ẹ̀ka ọsàn tàbí máńgòrò kọjá, kí ẹ sì gbé ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀ sójú bí ẹni fẹ́ yìn ín. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń tàn sórí irin ìbọn yín á máa padà wọ̀ yín lójú. Ẹ gbé iná náà sókè díẹ̀ síwájú orí títí á fi kọjá lórí ìbọn láìfi ara kàn án, kí ẹ sì fi bébà dúdú tí kò dán lẹ apá ìsàlẹ̀ dígí rẹ̀ bí ó bá ṣì ń tàn síbẹ̀.

Bátìrì tí ẹ kò bá ní lò fún ìgbà pípẹ́, bíi láàárín òjò ńlá tí igbó kò ṣeé wọ̀, ẹ má ṣe fi í pamọ́ ní kíkún tàbí ní òfìfo. Ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí 3.7 sí 3.8 V, kí ó wà níbi tó tutù, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú iná. Èyí tó bá wú, tí awọ rẹ̀ ń bó, tàbí tó ń gbóná lórí ṣájà nígbà tí èkejì rẹ̀ tutù, ẹ má ṣe dá a sínú iná tàbí ọ̀sà. Ẹ fi téèpù bo orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń ra bátìrì kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ti kú.